Nẹ́tíwọ̀kì Kì Í Wọ Inú Ṣọ́ọ̀bù Wa

  

Ọ̀rọ̀ tí a gbé wá lọ́tẹ̀ yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ilẹ̀, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ ìdọ̀tí ojú gọ́tà tí a ti sọ títí ẹnu wa fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Ọ̀rọ̀ fóònù ni. A mọ̀ pé àwọn kan á ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ fóònù náà ló kù tí ẹgbẹ́ fẹ́ máa sọ?" Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á tán. Owó yín ló wà níbẹ̀.

Ọ̀kan nínú wa ń ta aṣọ ní ìsàlẹ̀ ilé alájà mẹ́ta kan ní Máfolúkù níbí. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà nínú lọ́hùn-ún, ó jìn sí ẹnu ọ̀nà. Obìnrin kan wọlé, ó ra léèsì àti gèlè, owó rẹ̀ jẹ́ 68,000 náírà. Kò mú owó dání. Ta ló ń gbé irú owó bẹ́ẹ̀ gba Òṣòdì kọjá láyé ìsinsìnyí? Ó fi fóònù san án. Fóònù tirẹ̀ ní owó ti lọ. Fóònù ìyá aláṣọ kò dún. Wọ́n jókòó, wọ́n ń wo ara wọn. Ìyá aláṣọ gbé fóònù jáde sí etí gọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ alákàrà, ó na ọwọ́ sókè bí ẹni tó gbé àtùpà wá nǹkan lóru. Kò sí alẹ́ẹ̀tì. Ó padà wọlé, ó tún jáde. Ó kù díẹ̀ kó pé wákàtí kan tí wọ́n fi ṣe é. Obìnrin yẹn bínú, ó ní ṣé olè ni wọ́n ń pe òun ni? Ojú ti ìyá aláṣọ, ó ní kó máa kó ọjà rẹ̀ lọ. Ìgbà tó délé lálẹ́ ni alẹ́ẹ̀tì wọlé. Owó pé, kò dín kọ́bọ̀. Ṣùgbọ́n oníbàárà yẹn kò padà wá mọ́ títí di òní, bẹ́ẹ̀ ẹni tó máa ń wá ra aṣọ ẹbí ni.

Ẹlòmíì tó ń ta ike àti kúlà nínú ilé kan náà fi ìyẹn kọ́gbọ́n. Ó ní òun kò ní dá oníbàárà kankan jókòó kí wọ́n má bàa bínú sí òun. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó múra dáadáa fi ojú fóònù hàn án, wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé owó ti lọ. Ó kó kúlà mẹ́rin. Owó yẹn kò wọlé títí di àkókò tí a ń kọ ìwé yìí. Olóòótọ́ bínú lọ, olè rẹ́rìn-ín lọ, ọ̀dọ̀ wa ni àdánù jókòó sí. Ohun kan náà ló sì fa méjèèjì: nẹ́tíwọ̀kì kì í wọ inú ilé yẹn.

Àwọn tó ti pẹ́ lọ́jà á rántí ọdún 2001. Oṣù kẹjọ ọdún náà ni Econet àti MTN gbé GSM dé. Síìmù nìkan ń lọ sí bíi 20,000 náírà sókè, ìṣẹ́jú kan sì jẹ́ 50 náírà, ẹ̀bá ni kéèyàn ṣẹ́wọ́ sí i kí ọ̀rọ̀ ó tó tán. Ẹni tó bá ní fóònù lọ́wọ́ nínú wa nígbà yẹn, ńṣe la ń ṣe é bí aya ìjòyè. Ìgbà tí Glo dé ní 2003 tó ní ìṣẹ́jú àáyá lòun á máa fi ṣírò owó ni ara tó bẹ̀rẹ̀ sí í tu mẹ́kùnnù. Láyé ìgbà náà, bí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ló lọ. A á ní ká tún pè é tó bá dalẹ́.

Ní báyìí, owó gan-an ló ń gba inú fóònù wọlé. Ẹ ò ní gbàgbé oṣù kìíní sí oṣù kẹta ọdún 2023, lẹ́yìn tí báńkì àpapọ̀ CBN ti kéde ní 26 oṣù kẹwàá 2022 pé àwọn ń pààrọ̀ owó. Owó tuntun kò sí, owó àtijọ́ kò ná. Tòmátì ń jẹrà lójú wa, ẹni tó fẹ́ ra á ní owó ní báńkì ṣùgbọ́n kò rí i gbà. Ìgbà yẹn ni ìyá tó ń ta ata rodo pàápàá kọ nọ́ńbà àkáǹtì rẹ̀ sára páálí. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní 3 oṣù kẹta 2023 dá a pé kí owó àtijọ́ ṣì máa ná, owó sì padà sígboro, ṣùgbọ́n àwọn oníbàárà wa kò padà lẹ́yìn tíráńsífà mọ́. Ó ti mọ́ wọn lára. Torí náà, ṣọ́ọ̀bù tí nẹ́tíwọ̀kì kò wọ̀ láyé ìsinsìnyí, ó dà bí ṣọ́ọ̀bù tí kò ní ilẹ̀kùn.

Kí ló dé tí kì í fi wọlé? A bi àwọn ọmọ wa tó mọ iṣẹ́ yìí, ohun tí wọ́n ṣàlàyé fún wa nìyí, a ó sì sọ ọ́ bó ṣe yé wa.

Òpó gíga tí ẹ ń rí níta, èyí tí wọ́n ń pè ní másìtì, ìgbì afẹ́fẹ́ ló ń rán jáde gẹ́gẹ́ bí ilé iṣẹ́ rédíò ṣe ń ṣe. Ìgbì yìí lè gba ojú fèrèsé wọlé, ó lè gba ara pákó wọlé, àní ó ń gba ara bíríkì wọlé tó bá ti rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. Irin ni ọ̀tá rẹ̀. Bó bá kan páànù, ńṣe ló ń ta padà bí bọ́ọ̀lù tí wọ́n gbá mọ́ ògiri. Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọjà wa: páànù lókè, dẹ́kìn kọnkéré tó kún fún ọ̀pá irin lábẹ́ rẹ̀, òmíràn tún wà lábẹ́ ìyẹn, ilẹ̀kùn irin níwájú ṣọ́ọ̀bù kọ̀ọ̀kan, kò sí fèrèsé lẹ́yìn torí ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Ẹni tó wà ní ìsàlẹ̀ láàárín, inú àpótí irin ló jókòó sí. Ẹni tó bá wá ń ta ìkòkò àti abọ́ irin, tó tò ó dé àjà, ó tún fi ọwọ́ ara rẹ̀ mọ ògiri irin kejì.

Ọ̀nà méjì sì ni ọ̀rọ̀ fóònù. Másìtì á pe fóònù, fóònù náà gbọ́dọ̀ dá a lóhùn. Nígbà tí fóònù kò bá gbọ́ dáadáa, ńṣe lá bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo kí másìtì lè gbọ́ tirẹ̀, ariwo yẹn ló ń jẹ bátìrì. Ẹ̀yin tí fóònù yín ń gbóná, tí bátìrì yín ń kú kó tó di agogo méjìlá ọ̀sán, tí ẹ wá ń bú àwọn ará Ṣáínà, ẹ dúró ná. Ó lè jẹ́ pé ṣọ́ọ̀bù yín ló ń pa á. Ẹ wò ó ní ọjọ́ Sunday tí ẹ bá wà nílé bóyá bẹ́ẹ̀ náà ló ń ṣe.

Èyí tó yà wá lẹ́nu jù ni ti fóònù olówó ńlá. Ìgbì wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀kan náà. Bí wọ́n bá ń ṣòde ní àdúgbò kejì, ohùn ìlù tó wúwo ló máa ń wọ yàrá wa lóru, gbì, gbì, gbì. A kì í gbọ́ ohun tí olórin ń sọ. Bẹ́ẹ̀ ni ìgbì náà rí. Èyí tó wà nísàlẹ̀, bíi 700 tàbí 900 MHz, ló ń wọ inú ilé lọ jìnnà. Bó bá ti ń gòkè sí 2100, sí 2600, ni ògiri ń dá a dúró sí i. 5G tí wọ́n ta ìwé àṣẹ rẹ̀ ní oṣù kejìlá 2021, tí MTN bẹ̀rẹ̀ sí í tà fún ará ìlú ní oṣù kẹsàn-án 2022, 3500 ló wà. Ó yára bí àrá níta gbangba, ṣùgbọ́n lábẹ́ dẹ́kìn, ká máa wò ó. Torí náà, bí fóònù tọ́ọ̀ṣì ọmọ iṣẹ́ yín bá ń gba ìpè nígbà tí tiyín tó tó owó ọkọ̀ kò gbà á, ẹnikẹ́ni kò ṣe yín léèmọ̀.

Àmọ́ kì í ṣe gbogbo ìgbà ni ẹ̀ṣẹ̀ ilé. Bí ẹ bá jáde síta gbangba tí owó ò wọlé síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti kúrò lọ́wọ́ páànù nìyẹn. Ó lè jẹ́ pé èrò ti pọ̀ jù lórí másìtì kan ṣoṣo, bó ṣe máa ń rí ní Sátidé oṣù Kérésìmesì. Ó lè jẹ́ báńkì. Ní 14 oṣù kẹta 2024, àwọn wáyà abẹ́ òkun tó ń gbé íntánẹ́ẹ̀tì wá sí ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ló bàjẹ́ létí òkun Côte d'Ivoire, ọ̀pọ̀ báńkì kò lè ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan nínú wa ń yọ síìmù, wọ́n ń fẹ atẹ́gùn sí i, wọ́n ń dá a padà. Síìmù kò mọ nǹkan kan níbẹ̀.

Àwọn kan tún máa ń sọ pé bàálù ló ń gba nẹ́tíwọ̀kì wa ní Máfolúkù torí a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápákọ̀ òfuurufú Ìkẹjà. Bàálù kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ wa. Ohun tó wà níbẹ̀ ni pé ẹni tó bá fẹ́ ri másìtì gbọ́dọ̀ gba àṣẹ gíga rẹ̀ lọ́wọ́ NCAA, àwọn tó ń mójú tó ọkọ̀ òfuurufú, nítorí kí bàálù má lọ gbá a. Níbi tí bàálù ti ń fò wálẹ̀ bíi ti ọ̀dọ̀ wa, kò sí ẹni tó lè ri òpó tó wù ú síbẹ̀. Èyí gan-an ni ìdí tó fi yẹ ká wá àtúnṣe nínú ilé, ká má kàn máa retí òpó gíga.

Ká tó bá ẹlòmíì wí, ká bá ara wa wí. Ní ọdún 2020 nígbà kòrónà, ta ló ń pín fídíò kiri lórí WhatsApp pé 5G ló fa àrùn? Àwa náà ni, bẹ́ẹ̀ kò tíì sí 5G ní Nàìjíríà rárá nígbà náà. Onílé tó bá fẹ́ gba kí wọ́n fi ẹ̀rọ sórí òrùlé rẹ̀, a máa ń lọ bá a jà pé ó fẹ́ pa wá. A lé ẹ̀rọ lọ tán, a wá ń sunkún nẹ́tíwọ̀kì. Bí ẹ̀rù bá ń bà wá, ìbéèrè ni ká béèrè lọ́wọ́ LASIMRA tó ń fún wọn láṣẹ òpó ní ìpínlẹ̀ Èkó, kì í ṣe ariwo.

Ọ̀rọ̀ wá kan bùsítà. Àwọn ọmọkùnrin kan ń gbé e kiri ọjà, wọ́n ní bí ẹ bá ti rà á, ìṣòro parí. Bó ṣe ń ṣiṣẹ́ rọrùn láti lóye: eríàlì kan á wà lórí òrùlé níbi tí nẹ́tíwọ̀kì ti dára, wáyà á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ wá sínú àpótí kan tó ń fún un lágbára, eríàlì kékeré kan á wá fọ́n ọn káàkiri inú ilé. Ẹ̀rọ gidi ni, kì í ṣe ẹ̀tàn. Ṣùgbọ́n ẹ rántí òde ìgbéyàwó tí olórin gbé máìkì súnmọ́ ẹnu sípíkà, tó wá ń hu híììì tí gbogbo wa fi ọwọ́ di etí. Bí eríàlì òkè bá ń gbọ́ ohùn ti ìsàlẹ̀, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni yóò ṣe, àmọ́ etí wa kò ní gbọ́ ọ. Másìtì ni yóò máa gbọ́ ọ. Ariwo yẹn á sì ba nẹ́tíwọ̀kì gbogbo àdúgbò jẹ́. Ìwọ ń rí gbà nínú ṣọ́ọ̀bù tìrẹ, alápatà tó wà níta tó ń rí gbà tẹ́lẹ̀ kò rí gbà mọ́. Ìdí nìyí tí òfin ìbánisọ̀rọ̀ ọdún 2003 fi ní dandan ni kí NCC fọwọ́ sí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ kí wọ́n tó tà á tàbí lò ó. Èyí tí wọ́n ń gbé kiri nínú báàgì yẹn, ẹ bi wọ́n léèrè ìwé NCC rẹ̀ kí ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n máa sọ.

Kì í ṣe tiwa nìkan. Ní ìlú Ọba, níbi tí àwọn ọmọ wa ti ń tajà ní Peckham, Ofcom kò gba ará ìlú láyè láti dá lo bùsítà títí di ọdún 2018, ìgbà náà ni wọ́n yọ̀ǹda irú àwọn kan tó bá ìlànà mu. Ní Amẹ́ríkà, FCC ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ ní 2013. Ohun tó bójú mu fún wa níbí ni kí ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì fúnra rẹ̀ wá gbé ẹ̀rọ inú ilé sí ọjà náà. Wọ́n ní in. Wọ́n máa ń to eríàlì kéékèèké sí ara àjà káàkiri ilé ńlá bí ẹni to gílóòbù, tí wáyà á so gbogbo wọn pọ̀. Bí wọ́n bá lè ṣe é fún ilé ìtajà àwọn olówó, ọjà tí owó ń wọlé tó sì ń jáde láti àárọ̀ dalẹ́ kò kéré sí i.

Ta ni kó pè wọ́n wá? Onílé ni. Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti ń dùn wá jù. Ẹ wo ìtàn Òṣòdì: ní oṣù kìíní 2009 ìjọba wó ṣọ́ọ̀bù ẹ̀bá títì, ní oṣù kìíní 2016 wọ́n wó ọjà Owónifárí, wọ́n ní kí àwọn tó wà níbẹ̀ kó lọ sí ọjà Ìsọ̀pàkòdòwò ní Bọ́ládé, ní oṣù kẹrin 2019 wọ́n ṣí ibùdókọ̀ ńlá. Láti ìgbà náà, bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́ la ń kúrò lábẹ́ agboòrùn bọ́ sábẹ́ kọnkéré. Lábẹ́ agboòrùn, òjò ń pa wá, òòrùn ń pa wá, ṣùgbọ́n a ń gba ìpè. Nísinsìnyí a ń san owó ṣọ́ọ̀bù ọdún méjì lẹ́ẹ̀kan, a ń san owó àmójútó, a béèrè omi, a béèrè ilé ìgbẹ́, a béèrè iná. Kò sẹ́ni tó béèrè pé, "Ṣé fóònù ń ṣiṣẹ́ níbí?" Ní ilẹ̀ Íńdíà, ìjọba wọn gbé ìlànà kan jáde ní oṣù kẹwàá 2024 láti máa fún ilé ní ìràwọ̀ gẹ́gẹ́ bí nẹ́tíwọ̀kì inú rẹ̀ bá ṣe dára tó. Ẹni tó fẹ́ gba ilé á ti mọ ohun tó ń kówó lé lórí. Àwa kò ní ìràwọ̀, ṣùgbọ́n a ní fóònù lọ́wọ́. Kí ẹnikẹ́ni nínú wa má san owó ṣọ́ọ̀bù tuntun láìjẹ́ pé ó wọ inú rẹ̀ lọ dé ẹ̀yìn, kó ti ilẹ̀kùn, kó pe èèyàn. Bí kò bá wọlé, kó jẹ́ ara ohun tí yóò fi dúnàá-dúrà.

Ọ̀rọ̀ iná tún wà níbẹ̀, iná tó ń jó ni a ń sọ. Ẹ rántí ti Balógun ní 5 oṣù kọkànlá 2019. Nọ́ńbà 767 àti 112 wà tí a lè pè ní Èkó. Bí wáyà bá ṣáná ní ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù tí fóònù kì í gbà, ẹni tó rí i á kọ́kọ́ sáré jáde sí títì kó tó lè pe ẹnikẹ́ni. A kò fẹ́ sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Kí onílé tó dáhùn, àwọn nǹkan kan wà tí a lè ṣe fúnra wa. Ẹ yá síìmù aládùúgbò wò nínú ṣọ́ọ̀bù yín, ti MTN, ti Airtel, ti Glo, ti T2 tí a mọ̀ sí 9mobile tẹ́lẹ̀. Èyí tó bá wọlé jù, ẹ lè kó lọ síbẹ̀ láìpààrọ̀ nọ́ńbà. Láti oṣù kẹrin 2013 ló ti ṣeé ṣe, PORT lẹ máa kọ ránṣẹ́ sí 3232. Ẹ gbé ẹ̀rọ POS kúrò nísàlẹ̀ káńtà onírin, ẹ gbé e síwájú ṣọ́ọ̀bù, síìmù ló wà nínú òun náà. Bí ilé kan bá lè dáwó fa wáyà íntánẹ́ẹ̀tì wọlé, Wi-Fi á wọ ibi tí másìtì kò dé, ètò báńkì tó wà lórí fóònù á sì ṣiṣẹ́. Àmọ́ kóòdù oníràwọ̀ tí a ń tẹ̀, tí wọ́n ń yọ 6.98 náírà fún, Wi-Fi kò lè ràn án lọ́wọ́, nẹ́tíwọ̀kì ló ń wá. Bó bá já láàárín, ẹ yẹ owó tó kù wò kí ẹ tó tún un tẹ̀, kó má lọ jẹ́ ẹ̀ẹ̀mejì lẹ san án.

Ẹ fi ẹjọ́ sùn pẹ̀lú. 300 ni nọ́ńbà tí a fi ń pe ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì wa, ẹ gba nọ́ńbà ẹ̀sùn lọ́wọ́ wọn, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn kò bá ṣe nǹkan kan, ẹ pe NCC ní 622, nọ́ńbà ẹ̀sùn yẹn ni wọ́n máa kọ́kọ́ béèrè. Ẹnì kan á pè, wọ́n lè má kà á sí. Nígbà tí ìjọba gẹ̀ẹ́sì gbé Ọ̀gágun Pullen kalẹ̀ láti máa bu iye lé oúnjẹ ọjà l'Ékòó lásìkò ogun Hitler, Alímọ́tù Pelewura kò dá nìkan lọ, gbogbo ìyá ọjà ló tẹ̀lé e, wọn kò sì sinmi títí wọ́n fi fòpin sí i ní 1945.

Nítorí náà, ẹgbẹ́ ti yan ọmọ mẹ́rin tí yóò máa wọ ṣọ́ọ̀bù dé ṣọ́ọ̀bù pẹ̀lú síìmù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Fóònù Android máa ń fi agbára nẹ́tíwọ̀kì hàn ní nọ́ńbà, ẹ̀yìn ètò rẹ̀ ló wà níbi tí wọ́n kọ SIM status sí. Bó bá wà ní àyíká -80, ó dára. Bó bá ti dé -110, ìwọ̀nba ẹ̀mí ló kù. Bó bá fi mẹ́wàá lọ sílẹ̀, agbára rẹ̀ ti di ìdá kan nínú mẹ́wàá. Wọ́n á kọ ti ẹnu ọ̀nà, wọ́n á kọ ti inú, wọ́n á kọ ọjọ́ àti wákàtí. Ẹ ṣílẹ̀kùn fún wọn, wọn kò gba owó, wọn kò sì béèrè PIN ẹnikẹ́ni; ẹni tó bá béèrè kì í ṣe ara wọn.

Ìwé yẹn la máa gbé lọ bá onílé, lọ bá ilé iṣẹ́ nẹ́tíwọ̀kì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, àti ìjọba ìbílẹ̀ Òṣòdì-Ìsọlọ̀. Ẹni tí tíráńsífà ti dá ìjà sílẹ̀ fún, tàbí tí wọ́n ti fi alẹ́ẹ̀tì èké kó ọjà lọ, kó wá sọ ọjọ́ àti iye rẹ̀ fún akọ̀wé kí ìpàdé tó ń bọ̀ tó dé. Ìyá aláṣọ àti ìyá oníkúlà ti kọ tiwọn sílẹ̀.